Adìyẹ Kan Péré

"Adìyẹ mélòó lẹ ní?" ni akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé ilé ìtọ́jú ẹranko béèrè. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀kan ni."

"Ọ̀kan ló ń ṣàìsàn, mo ti gbọ́. Mo ní mélòó lẹ ní lápapọ̀?"

"Ọ̀kan náà ni."

Ìgbà yìí ni ọmọbìnrin náà tó gbójú sókè. Ó wo Ìyá Aránṣọ, ó wo apẹ̀rẹ̀ tó gbé dání, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé àwọn adìyẹ yòókù ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó fi bírò tọ́ka sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ajá, ológbò, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ẹ ò rí adìyẹ níbẹ̀, mà. Adìyẹ kì í ṣe tiwa níbí. Fèrèsé kejì ni, lẹ́yìn ilé."

"Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo ti wà lórí ìlà yìí. Ìwọ fúnra rẹ gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì, o sì rí adìyẹ lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nígbà náà?"

"Ẹ ò bi mí, mà," ni akọ̀wé wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ìyá Aránṣọ kì í ṣe oníjà. Ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún ránṣọ fún àwọn èèyàn tó máa ń sanra láàárín ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n wọ́n sí ọjọ́ tí wọ́n wá gbé aṣọ, tí wọ́n á sì ní aránṣọ ló ba aṣọ jẹ́, onítọ̀hún ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbínú mì. Ṣùgbọ́n láti ìdájí ló ti ń gbé e mì lọ́jọ́ yìí, inú rẹ̀ sì ti ń kún.

Alága ni orúkọ adìyẹ náà. Oníbàárà kan ló fi ta á lọ́rẹ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, láti fi dúpẹ́ aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó wọ ìkòkò. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí ni wọ́n ti bá a, ó jókòó gẹlẹtẹ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé, ó sì fi ẹnu ṣá ẹni tó fẹ́ lé e dìde lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀bẹ sì padà sí ilé ìdáná. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ró, abẹ́ rẹ̀ ni Alága máa ń wà. Bí Ìyá Aránṣọ bá jáde lọ ra bọ́tìnnì, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà títí tí yóò fi dé.

Ọjọ́ kẹta nìyí tí Alága kò jẹun. Nǹkan kan wú lábẹ́ ọrùn rẹ̀, ó le bí ìgbà tí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kékeré sínú àpò, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Ní àárọ̀, nígbà tí kò lè dìde dúró mọ́, ẹ̀gbọ́n Ìyá Aránṣọ, àgbà obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, jáde láti ilé ìdáná tòun ti ọ̀bẹ tó ti pọ́n.

"Adìyẹ tó bá fẹ́ kú, ọ̀bẹ là ń sáré mú fún un," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Tó bá lọ kú fúnra rẹ̀, àdánù ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn padà."

"Kí lo fẹ́ ṣe? Ṣé o fẹ́ gbé adìyẹ lọ sí ọsibítù ni? Èmi tí eékún ń dùn láti ọdún tó kọjá, ta ló gbé mi lọ?"

"Mo gbé yín lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ ò lo oògùn."

"Oògùn yẹn korò," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó wo aṣọ búlúù tó wà ní òkìtì lórí tábìlì. "Iléèwé yóò wọlé ní ọjọ́ Ajé. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ tí o kò tíì fọwọ́ kàn. Tí àwọn ìyá wọn bá dé, kí ni kí n sọ fún wọn? Kí n ní o gbé adìyẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Inú ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Aránṣọ ti jáde nílé, kò sì rántí mú awò ojú rẹ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan béèrè bóyá adìyẹ náà ń lọ fún títà. Obìnrin kan sì ní kí ó gbé e jìnnà sí ọmọ òun nítorí òórùn.

Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìlà ní fèrèsé kejì. Ó yẹ kí ìyẹn kọ ọ́ lóminú, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro kì í bínú pé ibi ìjókòó ṣófo. Bàbá kan tó wọ ẹ̀wù funfun ló wà níbẹ̀, ó sì kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí i dáadáa láti àárọ̀.

"Ẹyọ kan lẹ mú wá?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á kó mẹ́fà wá, a ò sì ní mọ ibi tí a ó kó wọn sí. Kí lẹ rí lára rẹ̀?"

Ìyá Aránṣọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bàbá náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìjá a lọ́rọ̀ gbà. Ó ti ìwé kan sí i, ó fi ìka hàn án ibi tí yóò buwọ́ lù. Lẹ́tà ìwé náà kéré bí eèrà, awò ojú sì wà nílé. Ó buwọ́ lù ú. Bàbá náà so káàdì pupa tí wọ́n kọ "9" sí mọ́ ẹsẹ̀ Alága, ó sì gba apẹ̀rẹ̀ wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í fẹ́ kí wọ́n di ẹsẹ̀ òun mú."

"Kò séwu. Ẹ jókòó síbi bẹ́ńṣì yẹn, kò ní pẹ́ rárá."

Ó jókòó, ó sì súre fún bàbá náà nínú ọkàn rẹ̀. Ọlọ́sìn adìyẹ kan tó wọ bàtà rọ́bà gígùn ti wà lórí bẹ́ńṣì náà ṣáájú, ó ń fi ìwé pélébé fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìnira, mà. Ẹgbàá adìyẹ ni mo ní, ogójì ti kú láti ìjẹta. Tiyín ńkọ́, mélòó ló kù nílé?"

"Kò sí èyí tó kù nílé."

"Ó mà ṣe o. Gbogbo wọn ti kú tán?"

"Rárá o. Èyí tí mo gbé wá yẹn nìkan ni mo ní."

Ọkùnrin náà dá ìwé tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ dúró. "Èyí nìkan? Kí wá lẹ fẹ́ kí wọ́n là á wò fún?"

"Kí wọ́n la kí ni?"

Ọlọ́sìn náà wò ó, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mà, fèrèsé yìí, adìyẹ kan là ń mú wá láti fi ṣe àyẹ̀wò fún àwọn tó kù. Wọn á pa á, wọn á là á, wọn á wo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn á wá sọ oògùn tí a ó fún àwọn tó wà lóko. Ṣé wọn ò sọ fún yín? Ohun tó wà nínú ìwé tí a ń buwọ́ lù nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ kò rántí bó ṣe dìde. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òṣìṣẹ́ nìkan ló lè wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn náà wọlé bí ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Nínú yàrá náà, tábìlì kan wà tí wọ́n fi táìlì funfun bò, omi sì ń ṣàn lórí rẹ̀ wọ inú páìpù. Adìyẹ kan ti wà ní lílà níbẹ̀, káàdì "8" ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ gbé adìyẹ tó kàn nínú apẹ̀rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Dókítà nàró. "Mà, ẹ ò gbọdọ̀ wọ ibí."

"Mo ti wọ ọ́. Adìyẹ mi ni."

"Nọ́mbà kẹsàn-án? Ẹ ti buwọ́ lùwé, mà."

"Ìtọ́jú ni mo buwọ́ lù."

"Ìwé wa kò sọ bẹ́ẹ̀."

"A jẹ́ pé ìwé yín burú nìyẹn, ẹni tó fún mi láti buwọ́ lù ú láìkà á sí mi létí náà sì burú. Mo súre fún un. Mo jókòó síta níbẹ̀ yẹn, mò ń súre fún un."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó fi í mọ́ àyà. Alága la ojú kan, ó tún pa á dé.

"Ẹ má bínú, mà," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ni."

"Mo mọ̀ pé adìyẹ ni. Láti àárọ̀ ni gbogbo ayé ti ń sọ fún mi pé adìyẹ ni, bí ẹni pé mo rò pé ẹṣin ni. Ilé Ìtọ́jú Ẹranko lẹ kọ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà yín. Ṣé adìyẹ ti kúrò nínú ẹranko ni? Ajá tó wà níwájú mi lórí ìlà, èékánná ni wọ́n gbé e wá gé. Èékánná lásán. Wọ́n gé e fún un, wọ́n tún fọwọ́ pa á lórí. Tèmi kò lè mí dáadáa, nọ́mbà lẹ fi sí i lẹ́sẹ̀, ẹ fẹ́ pa á. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwa làwọn àgbà ń pa òwe yẹn fún, ṣùgbọ́n adìyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó pa òwe náà."

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń wá ọ̀nà láti ràn án lọ́wọ́, ìyẹn hàn lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ń yé ẹyin dáadáa ni, mà? Mo lè kọ ọ́ pé nítorí ẹyin ni."

"Kò yé ẹyin láti ọdún tó kọjá."

"Àbí ẹnìkan tó ti ṣaláìsí ló fi sílẹ̀ fún yín? Bàbá ilé, bóyá? Tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi kò ní yọ mí lẹ́nu."

Ó rọrùn láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú lóòótọ́, kò sì ní bínú sí irọ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tó bí i nínú jù lọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè yìí. Kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ yá òkú lò kí wọ́n tó lè tọ́jú ohun tó wà láàyè?

"Kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ yìí," ló wí. "Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Kò ní ìdí mìíràn. Kọ ìyẹn fún ọ̀gá rẹ."

Ojú tì í bó ti sọ ọ́ tán, nítorí kò tíì sọ ọ́ síta rí. Dókítà náà lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó nu tábìlì mìíràn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó sì ní kí ó gbé Alága síbẹ̀. Ó rọra fi ìka tẹ ibi tó wú.

"Àpò tó ń kó oúnjẹ sí lábẹ́ ọrùn ló dí. Ohun tó gbé mì kò lè sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń rà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń rùn."

"Kí ni oògùn rẹ̀?"

"Kò sí oògùn, mà. Àfi ká là á, ká kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde, ká sì rán an padà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Bí ogún adìyẹ ni mò ń là lójúmọ́. Mi ò tíì rán ọ̀kan padà rí. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"O ṣeun tí o kò parọ́. Là á. Èmi á dì í mú."

Ó gún Alága lábẹ́rẹ́ kí ó má baà mọ ìrora. Ó tu ìyẹ́ ibẹ̀ kúrò, ó sì là á, ojú ibi tó là kò gùn ju ihò bọ́tìnnì kóòtù lọ. Àgbàdo tó ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn èyí ni irin tó mú dání kọ́ nǹkan kan tó gùn. Ó fà á, kò tán. Ó tún fà á. Ó kó o sínú àwo irin, ó da omi sí i, ó sì fi ọwọ́ tú u.

"Òwú ni," ló wí. "Ẹ wò ó, òwú lásán ni gbogbo rẹ̀. Níbo ló ti rí irú èyí?"

Ìyá Aránṣọ kò nílò awò ojú láti mọ̀ wọ́n. Èyí tó jẹ́ búlúù, ti yunifọ́ọ̀mù iléèwé ni. Pupa rúsúrúsú yẹn, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tó rán ní oṣù méjì sẹ́yìn. Òwú yẹ́lò, aṣọ tábìlì ilé oúnjẹ kan tó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi eyín já òwú, tó ń tu ú sílẹ̀ láìwẹ̀yìn, tí kì í gbálẹ̀ àyàfi tí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bá parí. Alága sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó rò pé ekòló ni wọ́n ń jù sí òun.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìbínú tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ wá ẹni tí yóò jókòó lé lórí. Kì í ṣe akọ̀wé, kì í ṣe bàbá fèrèsé kejì, kì í ṣe ọmọkùnrin tó ń làágùn níwájú rẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló padà sí, ó sì wúwo ju bó ti wà nígbà tó ń dà á lé àwọn ẹlòmíràn lórí.

"Ó lè jẹ́ pé ojú títì ló ti ṣà á jẹ," ni dókítà wí nígbà tó rí ojú rẹ̀.

"Òwú mi ni. Aránṣọ ni mí."

Dókítà mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ìyá Aránṣọ wò ó títí, kò lè pa á mọ́ra.

"Dúró. Ṣé awọ méjì kọ́ ni? Ti inú àti ti òde?"

"Méjì ni, mà."

"Má rán wọn pọ̀ mọ́ra. Ti inú lọ́tọ̀, ti òde lọ́tọ̀. Ẹni tó bá rán inú kóòtù mọ́ òde rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ti ya. Má sì fà á le jù."

Dókítà dá abẹ́rẹ́ dúró, ó ronú, ó sì tú ohun tó ti rán. "Ohun tí ìwé wa sọ gan-an nìyẹn," ló wí. "Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé."

Nígbà tó parí, ó ní omi nìkan ni kí wọ́n fún un títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tó bá sì mu ún, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ rírọ̀. Kò ṣèlérí ohunkóhun. Ìyá Aránṣọ gé káàdì pupa náà kúrò fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú fèrèsé kejì, ó gbé e ka orí ìwé bàbá náà.

"Ẹ máa ka ìwé yín sí àwọn èèyàn létí, sà. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ máa kà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mú ẹyọ kan wá ló fẹ́ kí ẹ pa á."

Nínú bọ́ọ̀sì, ó to ìròyìn ọjọ́ náà jọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: akọ̀wé àti èékánná ajá, bàbá ẹlẹ́rìn-ín, káàdì pupa, ilẹ̀kùn tó tì wọlé. Ìròyìn tó dùn ni. Ẹ̀gbọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ ọ kó má dá a láre.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá ọmọ mẹ́ta ti wá. Mo sọ ohun tí o ní kí n sọ fún wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, àwọn méjì bú ọ." Ó yọjú sínú apẹ̀rẹ̀. "Ó mà ń mí o. Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

Ìyá Aránṣọ lanu láti bẹ̀rẹ̀ láti orí fèrèsé àkọ́kọ́. Ó rí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òwú búlúù àná ṣì wà káàkiri lábẹ́ ẹ̀rọ.

"Òwú ni," ló wí. "Òwú tí mò ń dà sílẹ̀ ló ń jẹ. Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa á."

Ó dúró de ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e ka itan ara rẹ̀.

"Lọ gbálẹ̀," ló wí, "kí Alága tó tún sọ̀ kalẹ̀."